Africatown ní Alabama: ta ló tẹ ìlú yẹn dó, ṣé ọmọ Yorùbá ni wọ́n lóòótọ́?

Gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ Clotilda, ọkọ̀ tó kó ẹrú láti Áfíríkà lọ sí Alabama ní 1860, bá tún jáde nínú ìròyìn làwọn èèyàn wa máa ń bá ara wọn fà á. Ẹnì kan á ní wọ́n ti rí ìlú Yorùbá ní Amẹ́ríkà, ẹlòmíì á ní rárá o, àwọn Dàhòmì ni, ẹnì kẹta á ní ṣebí Ọ̀yọ́túnjí ni wọ́n ń sọ, ẹlòmíì á wá bèèrè pé báwo ni wọ́n ṣe ń kó ẹrú lọ Amẹ́ríkà ní 1860 nígbà tó jẹ́ pé wọ́n ti fòfin de òwò ẹrú tipẹ́. Ìbéèrè gidi ni gbogbo ẹ̀, ó sì yẹ kéèyàn rí ìdáhùn sí i ní èdè táa gbọ́. Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé ọkọ̀ nìkan ni gbogbo ayé ń sọ, wọn ò sọ ìlú. Oṣù díẹ̀ péré ni ọkọ̀ yẹn fi ṣe iṣẹ́ burúkú ẹ̀ kí wọ́n tó dáná sun ún, àmọ́ ìlú tí àwọn tí wọ́n kó wá tẹ̀ dó ti lé ní 150 ọdún báyìí, àwọn ọmọ ọmọ wọn ṣì ń gbé níbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ibẹ̀ ni wọ́n ń sin òkú wọn sí. Torí náà ìlú yẹn ni màá sọ, ibi tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ bá ti kàn án màá mẹ́nu bà á.

Níbo ló wà, ṣé òun náà ni Ọ̀yọ́túnjí?

Ìpínlẹ̀ Alabama ló wà, ní gúúsù Amẹ́ríkà. Ìlú elébùúté kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Mobile, àwọn Faransé ló tẹ̀ ẹ́ dó ní 1702. Tí èèyàn bá kúrò láàárín ìgboro Mobile tó kọrí sí àríwá, nǹkan bíi máìlì mẹ́ta ni Africatown sí i, létí odò. Àwọn àdúgbò tó wà nínú ẹ̀ ni Plateau, Magazine Point, àti ibì kan tí wọ́n ń pè ní Lewis Quarters, ẹ rántí orúkọ yẹn torí a máa padà síbẹ̀.

Kì í ṣe Ọ̀yọ́túnjí o. South Carolina ni Ọ̀yọ́túnjí wà, 1970 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó, Ọba Efuntola Adefunmi ló ṣáájú wọn, Detroit ni wọ́n sì bí òun fúnra ẹ̀ sí. Aláwọ̀dúdú Amẹ́ríkà ni wọ́n, wọ́n gba ẹ̀sìn òrìṣà, wọ́n sì pinnu pé àwọn fẹ́ máa gbé bíi Yorùbá. Àwọn tó tẹ Africatown dó ò pinnu nǹkan kan ní tiwọn, Áfíríkà níbí ni wọ́n bí wọn sí, ogun ló kó wọn, wọ́n sì ń rántí orúkọ bàbá wọn àti ọ̀nà oko wọn títí wọ́n fi kú.

Wọ́n ti fòfin de òwò ẹrú ní 1808, báwo ni ọkọ̀ ẹrú ṣe dé ní 1860?

Nǹkan méjì ni òfin Amẹ́ríkà yà sọ́tọ̀, àwọn èèyàn sì máa ń pò ó pọ̀. Èyí àkọ́kọ́ ni kíkó ẹrú wọlé láti òkè òkun, ìyẹn ni wọ́n fòfin dè láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1808. Èkejì ni níní ẹrú, àti kí wọ́n máa tà wọ́n fún ara wọn lábẹ́lé, ìyẹn ò dáwọ́ dúró ní gúúsù Amẹ́ríkà títí di 1865. Ẹ wo bí ìjọba Nàìjíríà ṣe máa ń fòfin de ìrẹsì òkèèrè, wọ́n á ní kò gbọdọ̀ gba bọ́dà wọlé, àmọ́ ìrẹsì wà lọ́jà tí wọ́n ń tà á, owó ẹ̀ ń lọ sókè sí i, onífàyàwọ́ sì ń rí ṣe. Ó burú láti fi èèyàn wé ìrẹsì, mo mọ̀, ṣùgbọ́n bí òfin wọn ṣe ka èèyàn sí náà nìyẹn, ọjà. Ní 1860 owó ọ̀dọ́kùnrin kan tó lè ṣiṣẹ́ oko òwú ti kọjá 1,000 dọ́là ní gúúsù Amẹ́ríkà, iye tí wọ́n ń ra irú ẹ̀ ní etíkun Áfíríkà ò sì sún mọ́ ọn rárá.

Òfin yẹn ò rọ̀ nínú ìwé. Láti 1820 ni wọ́n ti ní ẹni tó bá kó ẹrú wọlé dà bí olè ojú omi, pípa ni wọ́n máa pa á. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn tó ṣe é, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n yẹgi fún, Nathaniel Gordon, ní New York, ìyẹn di 1862.

Ẹni tó ṣètò ti Clotilda ni Timothy Meaher. Ìpínlẹ̀ Maine lókè lọ́hùn-ún ló ti wá, ó wá fìdí kalẹ̀ sí Mobile, ó ń kan ọkọ̀ ojú omi, ó ní ọkọ̀ tó ń ná odò, ó sì ní ibi tí wọ́n ti ń la pákó. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ó fi owó jiyàn pẹ̀lú àwọn kan pé òun á kó ẹrú wọ Mobile lójú ìjọba kòrókòró, kò sì sí ẹni tó máa mú òun. Ó bá William Foster sọ̀rọ̀, ẹni tó kan Clotilda ní 1855, ọkọ̀ onígbòkun tí ò tóbi. Foster kúrò ní Mobile ní oṣù kẹta 1860, ó gbé wúrà tó tó 9,000 dọ́là dání, nígbà tó di oṣù karùn-ún ó ti dé Ouidah, ìlú etíkun Dàhòmì, ní ilẹ̀ Benin lónìí. Lásìkò yẹn Cuba ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọkọ̀ ẹrú tó ń kúrò létíkun wa ń lọ, ti Amẹ́ríkà ti wọ́n gan-an, nǹkan ìkọ̀kọ̀ ni.

Foster ra èèyàn 125. Bó ṣe ń kó wọn wọkọ̀ lọ́wọ́ ló rí àwọn ọkọ̀ kan lókèèrè tó ń bọ̀, ẹ̀rù bà á, ó gbéra, ó fi àwọn yòókù sílẹ̀, 110 ló kó lọ. Oṣù keje ni wọ́n dé. Òru ni wọ́n fa ọkọ̀ náà wọ inú odò, wọ́n kó àwọn èèyàn yẹn sínú ọkọ̀ míì, wọ́n fi wọ́n pamọ́ sínú àbàtà, Foster sì dáná sun Clotilda kí ìjọba má bàa rí ẹ̀rí. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù, ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní 1861 Alabama kúrò lára Amẹ́ríkà, ogun bẹ́ sílẹ̀, ẹjọ́ náà kú síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò lọ ẹ̀wọ̀n. Meaher kú sórí ibùsùn ẹ̀ ní 1892.

Ṣé ọmọ Yorùbá ni wọ́n àbí Dàhòmì?

Dàhòmì ló kó wọn lógun, Dàhòmì ló tà wọ́n. Ọba Glele ló wà lórí oyè ní Abomey, olú ìlú wọn, nígbà yẹn. Bàbá ẹ̀, Gezo, ni àwọn Ẹ̀gbá lé padà ní Abẹ́òkúta ní 1851, Glele náà tún gbógun wá síbẹ̀ ní 1864, wọ́n tún lé e. Àwọn ìlú tí ò lágbára tó Abẹ́òkúta ló ń jìyà ẹ̀, wọ́n á ká wọn mọ́lé ní ìdájí kí ojúmọ́ tó mọ́.

Irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni Kossola ti wá, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Cudjo Lewis. Ìran Ìṣà ni, Yorùbá ni wọ́n, agbègbè Bantè tó wà ní ilẹ̀ Benin lónìí. Nǹkan bí ọmọ ọdún 19 ni nígbà tí wọ́n kó o. Ní 1927 àti 1928, òǹkọ̀wé obìnrin Aláwọ̀dúdú kan, Zora Neale Hurston, lọ jókòó tì í nílé ẹ̀ ní Africatown, ó ní kó sọ ìtàn ayé ẹ̀ fún òun, 2018 ni wọ́n tó tẹ ohun tó kọ jáde sí ìwé. Nínú ohun tí Kossola sọ, ọ̀rọ̀ orò wà níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́kùnrin kí wọ́n tó gbà wọ́n sínú ẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó, arúgbó kan ní Alabama, ọdún 67 tàbí 68 lẹ́yìn tó ti kúrò nílé, ó ń sọ̀rọ̀ orò fún àlejò. Nígbà tí mo kà á, mo gbé ìwé yẹn sílẹ̀ fúngbà díẹ̀.

Ṣùgbọ́n gbogbo wọn kọ́ ni Yorùbá, ibí yìí làwa náà ti máa ń ṣe àṣejù. Nupe wà nínú wọn, àwọn táà ń pè ní Tápà, Dendi wà níbẹ̀, Fon tíí ṣe Dàhòmì gangan wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn Fon yẹn ń jẹ́ Gumpa, ìbátan ọba ni, wọ́n kàn fi ta Foster lọ́rẹ ni. Tí a bá wá sọ pé ìlú Yorùbá ni, a ti já àwọn yòókù dànù nìyẹn, ó sì máa ṣòro fún wa láti lóye ohun tó dáa jù nínú bí wọ́n ṣe gbé ìlú yẹn kalẹ̀.

Báwo ni àwọn tí ò ní kọ́bọ̀ ṣe dẹni tó ń ra ilẹ̀?

Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ṣẹrú. Meaher àti àwọn arákùnrin ẹ̀ pín wọn láàárín ara wọn, Foster náà mú tiẹ̀, wọ́n ta àwọn kan lọ sókè odò lápá Selma, bí wọ́n ṣe ya àwọn èèyàn kan kúrò lọ́dọ̀ ara wọn nìyẹn tí wọn ò tún rí ara wọn mọ́. Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹrin 1865 ni àwọn sójà ìjọba àpapọ̀ wọ Mobile, wọ́n sì sọ fún wọn pé wọ́n ti dòmìnira.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe ni kí wọ́n padà sílé. Wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n ń tọ́jú owó, àmọ́ owó ọkọ̀ kọjá agbára wọn pátápátá. Nígbà tí wọ́n rí i pé kò lè ṣeé ṣe, wọ́n ní ó dáa, kí àwọn kúkú dá ìlú tiwọn sílẹ̀ níbi tí wọ́n kó àwọn wá. Ilẹ̀ dà? Wọ́n ní kí Kossola lọ bá Meaher. Ọjọ́ kan tó ń gégi, Meaher wá jókòó sórí igi tó ti gé lulẹ̀, Kossola bá sọ ọ́ fún un pé a nílé a nílẹ̀ níbi tẹ́ẹ ti kó wa, a sìn yín ọdún márùn-ún láìgba owó, a ti bọ́ lóko ẹrú báyìí a ò ní nǹkan kan, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún wa ní ilẹ̀ díẹ̀. Meaher fò dìde, ó bú u, ó ní òun ti tọ́jú wọn dáadáa nígbà tí wọ́n jẹ́ ẹrú òun, kí ni òun wá jẹ wọ́n.

Wọ́n padà sílé, wọ́n sọ fún ara wọn pé àwọn á rà á. Àwọn ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń la pákó àti níbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀tù ìbọn, àwọn obìnrin ń gbin ẹ̀fọ́ àti nǹkan oko, wọ́n ń gbé e sórí lọ tà ní Mobile. Oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ ò ju ohun tó máa gbé ẹ̀mí ró lọ. Lára ilẹ̀ tí wọ́n rà, ọwọ́ Meaher fúnra ẹ̀ ni wọ́n ti rà á, kò sì yọ kọ́bọ̀ fún wọn. Ní nǹkan bí 1870, Charlie Lewis, tí òun náà wà nínú àwọn tó bá Clotilda dé, àti àwọn kan dá owó jọ ra éékà méje, ibẹ̀ ni Lewis Quarters tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, Ahmir Thompson tí gbogbo ayé ń pè ní Questlove, onílù nì, ìran Charlie Lewis yìí ni. Ní 1872 Kossola ra tiẹ̀, nǹkan bíi éékà méjì, 100 dọ́là. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ilé, tí wọ́n bá parí ti ẹnì kan gbogbo wọn á lọ sórí ti ẹlòmíì.

Apá yìí nínú ìtàn yẹn ni mo fẹ́ kí gbogbo èèyàn mọ̀ ju ti ọkọ̀ lọ. Ẹni tó kó ọ lẹ́rú ló ń ta ilẹ̀ fún ọ, o sì sanwó ẹ̀ pé.

Irú ìlú wo ni wọ́n wá dá sílẹ̀?

African Town ni wọ́n sọ ọ́. Wọ́n yan baálẹ̀, ta ni wọ́n sì yàn? Gumpa. Ọmọ Dàhòmì, ẹbí ọba tó pa ìlú wọn run. Kossola ṣàlàyé ẹ̀ fún Hurston pé kì í ṣe Gumpa ló ṣẹ àwọn, pé wọ́n ta òun náà bí wọ́n ṣe ta àwọn, èèyàn pàtàkì sì ni nílé kí wọ́n tó tà á, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fún un. Wọ́n yan àwọn méjì ṣe adájọ́, Jaba àti Keeby, Jaba yẹn tún mọ̀ nípa egbòogi. Òfin wọn ò pọ̀, má jalè, má mutí yó, má pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹni tó bá ṣẹ̀, àwọn àgbà á pè é jókòó, wọ́n á bá a wí. Yorùbá, Tápà, Fon, àwọn tí ò gbédè ara wọn kí wọ́n tó pàdé nínú ọkọ̀, wọ́n jọ ń tẹ̀lé òfin kan náà láàárín ọdún méje sí mẹ́wàá tí wọ́n débẹ̀.

Kì í ṣe àwọn òyìnbó nìkan ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Àwọn Aláwọ̀dúdú tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà náà ń fi wọ́n ṣẹ̀sín, wọ́n ń pè wọ́n ní ará oko, wọ́n ń fi ọmọ wọn ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn ọmọ Kossola ò yé bá wọn jà nítorí ẹ̀. Nígbà tí wọ́n gba ẹ̀sìn Krístì, tí wọ́n sì ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn yẹn, wọ́n kọ́ tiwọn ní 1872, òun ló di Union Missionary Baptist Church tó wà níbẹ̀ di òní. Kossola ló ń lu aago ibẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Ní 1880 wọ́n ti ní ilé ẹ̀kọ́, nígbà tó di 1910 ibẹ̀ ti di Mobile County Training School, ilé ẹ̀kọ́ tó lórúkọ. Cleon Jones tó gba bọ́ọ̀lù tó parí World Series, ìdíje ńlá baseball, fún ẹgbẹ́ Mets ní 1969, ibẹ̀ ló ti jáde, Tommie Agee tí wọ́n jọ gbá a lọ́dún yẹn, ibẹ̀ náà ni.

Orúkọ méjì ni ọmọ kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ nílé Kossola, ọ̀kan fún àwọn ará ilé, ọ̀kan fún àwọn ará Amẹ́ríkà. Ọmọ mẹ́fà lòun àti Abile ìyàwó ẹ̀ bí, inú Clotilda kan náà ni wọ́n jọ dé. Kò sí èyí tó sin ín nínú àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, àìsàn pa àwọn kan, reluwé pa ọ̀kan, ọmọ iṣẹ́ ṣẹ́ríìfù yìnbọn pa ọ̀kan, ọ̀kan jáde nílé ọjọ́ kan kò padà. Abile náà kú ní 1908. Ní 1902 reluwé kọ lu Kossola fúnra ẹ̀, kò lè ṣiṣẹ́ agbára mọ́, ó gbé ilé iṣẹ́ reluwé lọ sí kóòtù, àwọn ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ ní kí wọ́n san 650 dọ́là fún un, ó wúni lórí nígbà yẹn kí Aláwọ̀dúdú rí irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ gbà ní Alabama, ṣùgbọ́n kóòtù tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà da ìdájọ́ yẹn nù.

Ti ìbò náà tún wà. Nígbà kan tí Kossola àti àwọn kan nínú wọn fẹ́ dìbò, Meaher ti dúró síbi àpótí, ó ní wọn kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà. Wọ́n lọ sí ibòmíì, ó gun ẹṣin ṣáájú wọn débẹ̀. Wọ́n fẹsẹ̀ rìn wọ ìgboro Mobile, wọ́n ní kí oníkálukú san dọ́là kan, wọ́n san án, wọ́n dìbò, wọ́n sì tọ́jú rìsíìtì yẹn.

Ìlú ni àbí àdúgbò?

Èyí rọrùn. Ní Amẹ́ríkà, ibi tí èèyàn pọ̀ sí nìkan ò tó láti di ìlú lójú òfin. Wọ́n ní láti forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ìpínlẹ̀, kó ní méyọ̀ tiẹ̀, kó ní ìgbìmọ̀ tiẹ̀, kó máa gba owó orí. Africatown ò forúkọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, àwọn baálẹ̀ àti àgbà ni wọ́n fi ń ṣe é. Nígbà tó yá ìgboro Mobile wá gbà á mọ́ ara ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n mú apá kan ní 1948, wọ́n mú òmíràn ní 1960. Torí náà nínú ìwé ìjọba àdúgbò kan ní Mobile ni, lẹ́nu àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ìlú ni. Ní 2012 ìjọba àpapọ̀ kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi ìtàn orílẹ̀-èdè wọn.

Kí ló wá dé tó jẹ́ pé tẹ́ẹ bá wá a lórí máàpù, fákítírì lẹ máa kọ́kọ́ rí? Ìdí ni pé àwọn tó ń ṣàkóso ilẹ̀ fi ibẹ̀ ṣe ibi tí iṣẹ́ tó ń rùn ń lọ. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe pépà, International Paper, ṣí síbẹ̀ lápá ìparí ọdún 1920 sí 1929, ilẹ̀ ìdílé Meaher ni wọ́n kọ́ ọ sí, ilé iṣẹ́ pépà míì tún tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ dé lóòótọ́, owó wọlé, ibẹ̀ kún títí èèyàn fi tó nǹkan bí 12,000. Ṣùgbọ́n eérú ń bọ́ sórí aṣọ tí wọ́n sá, sórí òrùlé, sára ọgbà ẹ̀fọ́, òórùn ẹ̀ ò sì kúrò. Àwọn ará ibẹ̀ sọ pé jẹjẹrẹ ti pọ̀ jù nínú ìdílé àwọn. Nígbà tí International Paper kógbá sílé ní 2000 iṣẹ́ lọ, àmọ́ wọ́n ní ìdọ̀tí ṣì wà nínú ilẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí kóòtù ní 2017, wọ́n yanjú ẹ̀ níta kóòtù ní 2020. Afárá ńlá tí wọ́n parí ní 1991 tún wà níbẹ̀, orúkọ Africatown wà lára orúkọ afárá yẹn, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà tí wọ́n là fún un gba ojú ibi tí ṣọ́ọ̀bù àti ọjà wọn wà kọjá, ó sì pín ìlú sí méjì. Àwọn tó kù níbẹ̀ báyìí ò ju nǹkan bí 2,000 lọ.

Ta ló kú gbẹ̀yìn nínú wọn?

Ìdáhùn yìí yí padà lẹ́ẹ̀mejì, ìdí nìyẹn tí ìwé kan fi ń ta ko èkejì. Tẹ́lẹ̀, Kossola ni gbogbo èèyàn ń dárúkọ, 1935 ló kú. Nígbà tó yá olùwádìí kan, Hannah Durkin, rí i pé Redoshi, tí wọ́n ń pè ní Sally Smith, wà láyé di 1937. Kò pẹ́ sí i, òun náà ló tún rí Matilda McCrear tó kú ní Selma ní oṣù kìíní 1940. Ọmọ ọdún méjì ni Matilda nígbà tí wọ́n kó òun àti ìyá ẹ̀, Abake lorúkọ tí wọ́n ń pè é nílé, ilà ilẹ̀ wa wà lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì ẹ̀. Ní 1931, tó ti lé ní ẹni 70 ọdún, ó fẹsẹ̀ rin máìlì 15 lọ sí kóòtù ní Selma pé kí ìjọba san nǹkan fún òun torí bí wọ́n ṣe jí òun gbé. Wọn ò fún un ní nǹkan kan. Òun àti Redoshi ò gbé Africatown o, lára àwọn tí wọ́n tà lọ sókè odò ni wọ́n.

Kí ni wọ́n wá rí nínú odò, kí ló yí padà?

Ní oṣù kìíní 2018 oníròyìn kan, Ben Raines, kéde pé òun ti rí ọkọ̀ náà, àwọn onímọ̀ wò ó wọ́n ní rárá, ó tóbi jù. Àwọn kan gbọ́ ti àkọ́kọ́ yìí, wọn ò gbọ́ èyí tó tẹ̀ lé e, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń sọ pé irọ́ ni. Raines tún padà síbẹ̀, wọ́n rí òmíràn nítòsí erékùṣù kan tó ń jẹ́ Twelvemile Island, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún ìgbà pípẹ́, ní oṣù karùn-ún 2019 ìjọba Alabama kéde pé òun ni. Kò sí orúkọ lára ẹ̀. Ohun tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n ni pé gígùn àti fífẹ̀ ẹ̀ bá ti Clotilda mu, irú pákó àti irin tí Foster fi kan ọkọ̀ ló wà lára ẹ̀, àpá iná sì wà níbẹ̀. Apá tó pọ̀ nínú ẹ̀ ṣì wà nínú ẹrẹ̀, títí kan ibi tí wọ́n há àwọn èèyàn mọ́. Àwọn onímọ̀ ní kí wọ́n má gbé e jáde torí afẹ́fẹ́ lè ba igi yẹn jẹ́.

Ohun tó yí padà ni pé ẹnì kankan ò tún lè sọ pé àlọ́ ni àwọn arúgbó yẹn ń pa. Fún ọdún gbọọrọ wọ́n ń sọ fún àwọn ọmọ wọn pé ọkọ̀ kan gbé wa wá, wọ́n sun ún, àwọn kan sì ń sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdílé Meaher náà, tí wọn ò sọ̀rọ̀ síta látọdún pípẹ́, àwọn kan nínú wọn ti wá jókòó pẹ̀lú ìran àwọn tí wọ́n kó wá nínú Clotilda.

Tí ẹ bá ń gbé Atlanta tàbí Houston, tẹ́ẹ fẹ́ lọ wo ibẹ̀, ibi tẹ́ẹ máa kọ́kọ́ yà ni Africatown Heritage House tí wọ́n ṣí ní oṣù keje 2023, díẹ̀ lára pákó ọkọ̀ náà wà níbẹ̀, inú omi ni wọ́n gbé e sí kó má bàa bàjẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ lọ sí Union Missionary Baptist Church, ère orí Kossola wà níwájú ẹ̀, itẹ́ òkú ìlú náà wà ní òdìkejì títì. Lewis Quarters náà ò jìnnà, ilé àwọn èèyàn ni, ìran Charlie Lewis ṣì ń gbé ibẹ̀, ẹ má kàn gbé fóònù jáde kẹ́ẹ máa ya fọ́tò, ẹ kọ́kọ́ kí wọn. Cleon Jones tí mo dárúkọ níṣàájú náà padà sílé, iṣẹ́ tó sì gbájú mọ́ níbẹ̀ ni títún òrùlé àti ilé àwọn arúgbó ṣe.